Láti Ẹ̀gbẹ́ Relùwéè: Máàkì Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Retí

Ẹ̀yin ará wa ní Kwangila, ní Sabon Gari, ní Samaru àti ní gbogbo ibi tí ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé ní agbègbè Zaria yìí, mo tún dé o. Àwọn tí ó ní ọ̀rọ̀ mi lórí owó ìsìnkú nínú ìwé wa tí ó kọjá le jù, mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó náà kò tíì pé síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún akápò.

Ti òní jẹ́ ti àwọn ọmọ wa tí ń ṣe ìdánwò JAMB. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, iṣẹ́ akọ̀wé relùwéè ni mo sì ń ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni kí n kọ nọ́ńbà ẹrù sílẹ̀ kí ó má ṣìnà. Bí mo bá ṣi ibì kan sọ, kí àwọn tíṣà wa tún un ṣe fún mi ní ìpàdé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ìyàwó mi bá wà níbẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí mo ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tí n kò bá àwọn ọmọ wa lábẹ́ igi dóńgóyárò tí ó wà nítòsí mai shayi wa. Wọ́n máa ń tó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá: ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìlọrin, ọmọ Hausa méjì tí wọ́n jọ kàwé, àti ọmọ Ìgbò kan tí ó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ tèmi lọ. Wọn kò ta ayò, wọn kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́. Máàkì ni wọ́n ń ṣírò. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o." Bí wọ́n bá ti kí mi tán báyìí, wọn á tún padà sídìí ìṣirò wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ ìṣirò dáadáa fi igi ya òkè kan sínú iyanrìn. Ó ní bí a bá kó máàkì gbogbo àwọn tí ó ṣe ìdánwò jọ, àwọn tí ó gba kékeré gan-an kò ní pọ̀, àwọn tí ó gba ńlá gan-an kò ní pọ̀, àárín ni èrò yóò pọ̀ sí. Bí a bá yà á sílẹ̀, yóò dà bí ẹ̀yìn ràkúnmí. Kò sí ẹni tí ń gbé Zaria tí kò mọ ẹ̀yìn ràkúnmí, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé gbogbo wọn. Ó ní àwọn JAMB máa ń wo ràkúnmí yìí. Bí wọ́n bá rí i pé iké rẹ̀ ti sún sí apá ibi tí máàkì kéré sí, wọn á fi ọwọ́ tì í sí apá kejì, wọn á fi 20 tàbí 30 kún ti gbogbo ènìyàn. Òmíràn ní rárá, ìbéèrè tí ó le ni wọ́n ń fún ní máàkì púpọ̀. Ẹ̀kẹta ní àwọn tí ó ṣe ìdánwò ní ọjọ́ kìíní ni yóò jèrè, nítorí pé ìbéèrè tiwọn ló le jù. Ẹ̀kẹrin ní òun ní ẹ̀gbọ́n kan ní Kánò tí ó mọ ẹnìkan tí ó mọ ẹnìkan ní Àbújá. (N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní ayé yìí tí ẹ̀gbọ́n Kánò yìí kò mọ ìdí rẹ̀.)

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò ti ojú ọ̀run já bọ́. Ní ọdún 2016, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dibu Ojerinde, ọmọ Ìgbòho, jẹ́ Rẹ́jísítírà JAMB, ẹ̀rọ dààmú àwọn ọmọ kan nínú ìdánwò, JAMB sì fi máàkì 40 kún ti àwọn kan. 40 nínú 400! Ẹni tí ó fi 165 sùn, 205 ni ó fi jí. Àwọn tí ó rí 40 yẹn gbà ti kúrò ní yunifásítì tipẹ́, àwọn àbúrò wọn ni ó jókòó sábẹ́ dóńgóyárò yìí. Ta ni yóò wá sọ fún wọn pé irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀?

Wọ́n tún ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́ dé ààyè kan. Nínú ìdánwò SAT ti Amẹ́ríkà, tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 1600, wọn kì í ka iye ìbéèrè tí ọmọ gbà lásán kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ìdánwò kan bá le ju èkejì lọ, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, kí 1200 ti oṣù yìí lè bá 1200 ti oṣù tí ń bọ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ìwé ìdánwò ni wọ́n ń díwọ̀n, kì í ṣe ẹkún ọmọ.

Ti JAMB, bí ó ṣe wà ní gbangba nìyí: ẹ̀kọ́ mẹ́rin, 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 400 ni gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ó kù, 180 lápapọ̀, wákàtí méjì. Láti ọdún 2015 ni ó ti jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2025 yẹn ni JAMB kéde bí gbogbo wọn ṣe ṣe sí. Èsì ọmọ 1,955,069 ni ó jáde. Àwọn tí kò tó 200 nínú wọn lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. 983,187 ló wà láàárín 160 àti 199, ìyẹn ju ìdajì gbogbo wọn lọ díẹ̀. Àwọn tí ó gba 300 sókè kò ju 12,414 lọ, kò tó ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí tirẹ̀. Ariwo ta káàkiri ilẹ̀ yìí. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ ní kò sí ohun tí ó ṣe ìdánwò, wọ́n ní a ti dí ọ̀nà màgòmágó ni. Ní tòótọ́, ní ọdún 2024 náà, ó ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin tí kò tó 200, nítorí náà mo gbà wọ́n gbọ́.

Nínú ẹbí tèmi, èsì méjì ni a ń retí. Àbúrò ìyàwó mi, tí ó ti ń gbé ọ̀dọ̀ wa láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gba 168. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Àgége gba 142. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ni àbúrò ìyàwó mi fẹ́ lọ kọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, tí àwa sì ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ bí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Samaru. Ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà ti ń pè é ní Ẹnjiníà lórí fóònù kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ọmọ Àgége ní tirẹ̀, láti kékeré ni ó ti ń gba ipò kìíní. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí èsì dé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó sọ, ẹkún nìkan ni mo ń gbọ́.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tí ó jẹ́ Rẹ́jísítírà nígbà náà, pe àwọn oníròyìn jọ ní Àbújá. Ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà, ó gba ẹ̀bi náà, ó sì sunkún níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin tí ó wo ó lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán mọ bí ó ti rí. Èmi kò rántí ìgbà tí mo rí àgbàlagbà tí ó wà ní ipò ńlá ní orílẹ̀-èdè yìí kí ó sunkún nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn kan bú u, wọ́n ní ẹkún kò tó. N kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n n kò bá wọn bú u. Ibùdó ìdánwò 157 nínú 887 ni ọ̀rọ̀ kàn, ọmọ 379,997. Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ti ilẹ̀ Ìgbò ni. Ti Èkó nìkan jẹ́ 206,610.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣàlàyé rẹ̀. Kí ọmọ má baà wo ìwé ẹlòmíràn, JAMB da ìbéèrè àti ìdáhùn rú. Ìbéèrè kìíní lọ́wọ́ ọmọ kan lè jẹ́ ìbéèrè kẹtàdínlógún lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í. Ìdáhùn tí ó jẹ́ A níhìn-ín lè jẹ́ D lọ́hùn-ún. Kọ̀ǹpútà tí yóò ka máàkì gbọ́dọ̀ mọ bí a ti tò ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Agbo kọ̀ǹpútà àgbà méjì ni ń ṣe iṣẹ́ yìí: ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní ti Kàdúná, èkejì ni ti Èkó, òun ni ó sì ń ka ti ilẹ̀ Ìgbò pẹ̀lú. Wọ́n fi ètò tuntun sínú ti Kàdúná. Wọn kò fi í sínú ti Èkó. Ó dà bí ìgbà tí a lẹ nọ́ńbà tuntun mọ́ ẹrù ní Zaria, tí akọ̀wé tí yóò gbà á ní Ìddó ṣì mú ìwé ti àná lọ́wọ́. Ẹrù pé, kò sí ohun tí ó sọnù lọ́nà. Ṣùgbọ́n àpò ata ni yóò gbé fún ẹni tí ó ni àpò àlùbọ́sà, yóò sì ní kí ó fọwọ́ sí i.

Wọn kò fi máàkì kún ti ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe. Láti ọjọ́ 16 ni ó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìdánwò WAEC ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ Àgége gba àtẹ̀jíṣẹ́, ó lọ, ó ṣe é. Nígbà tí èsì dé, 231 ni. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹkún náà ni mo tún gbọ́, ṣùgbọ́n orin wà nínú rẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Mo pe àbúrò ìyàwó mi, mo ní, "Má ṣe dààmú ara rẹ. Tìẹ náà ń bọ̀." Ó lọ sọ ọ́ lábẹ́ dóńgóyárò: "Bọ̀ọ̀dá ní ó ń bọ̀." Láti ọjọ́ náà ni mo ti di wòlíì. Bí mo bá ń kọjá, wọn á dìde kí mi bí ẹni ń kí olóyè. Wọ́n tún ìṣirò wọn ṣe: ọmọ Àgége fi 89 gòkè, bí wọ́n bá fún àwa ará Òkè Ọya ní ìdajì ìyẹn péré, 44 ni, 168 àti 44 jẹ́ 212. Àbúrò ìyàwó mi kọ 212 sí ẹ̀yìn ìwé Kẹ́mísírì rẹ̀. Mo rí i níbẹ̀. N kò sọ nǹkan kan.

Èmi tí mo ti fi ẹnu ara mi ṣàlàyé ti Kàdúná àti ti Èkó fún ìyàwó mi, n kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Abẹ́ Kàdúná ni Zaria wà. Kọ̀ǹpútà tiwa ni èyí tí ó ka máàkì bí ó ti yẹ.

Mo sì ti rí irú rẹ̀ rí, kí n tó wọ iṣẹ́ relùwéè. Mo ṣe akọ̀wé fún oníṣòwò kan tí ń ra àtàlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Òṣùwọ̀n méjì ni ó wà ní ilé ìkẹ́rù rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń dín kìló mẹ́ta kù lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n pe àwọn tí wọ́n fi òṣùwọ̀n yẹn wọn tiwọn, wọ́n tún ti wọn wọ̀n, wọ́n sì san owó tí ó kù fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tí wọ́n fi òṣùwọ̀n kejì wọn tiwọn dé, àwọn náà ní kí a fún wọn ní kìló mẹ́ta tiwọn. Bàbá àgbàlagbà kan búra pé àpò òun kò lè jẹ́ 61, ó ní òun mọ bí ó ti wúwo tó lórí òun. Mo fi bàbá yẹn ṣẹ̀sín nígbà náà. Ọmọdé ni mí.

A ń retí àtẹ̀jíṣẹ́ títí oṣù karùn-ún fi tán, títí oṣù kẹfà fi dé àárín. Ọmọ náà kò ka ìwé kankan. Kí ni yóò kà á sí, nígbà tí 212 ń bọ̀? Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, a jókòó sí iwájú ilé. Mo fi í ṣeré, mo bi í pé kí ni ẹ̀gbọ́n Kánò wí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín?"

"Sọ ọ́."

"Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi wákàtí kan ṣe. Ìgbà tí n ó fi dé Físíìsì, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. A, B, A, B."

"Físíìsì nìkan?"

"Pẹ̀lú bí ogún nínú Kẹ́mísírì."

"O sì ti mọ̀ láti ìgbà náà?"

"Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo ti mọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Mo ní èéṣe tí kò fi sọ fún wa. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ní ó ń bọ̀."

Ẹ̀yin ará, n kò rí èsì fọ̀. Ọmọ náà kò parọ́ fún mi. Èmi ni mo fún un ní ibi tí yóò sá sí, ó sì sá síbẹ̀. Ìyàwó mi wà nínú ilé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀yin ọkọ yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti wá ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, JAMB àti àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga pàdé, wọ́n fi 150 ṣe òdiwọ̀n tí ó kéré jù fún yunifásítì, 140 fún ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, 100 fún pólì àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ayọ̀ ṣẹlẹ̀ lábẹ́ dóńgóyárò. 168 ju 150 lọ! Ṣùgbọ́n ẹnu géètì ni 150 yìí jẹ́, kì í ṣe ìjókòó. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè fi tirẹ̀ sí òkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn tún ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lórí ti JAMB. Lẹ́yìn náà ni wọn á to orúkọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí àyè bá jẹ́ 100, wọn á kà á dé 100, wọn á sì dúró.

Nítorí náà ràkúnmí tí àwọn ọmọ wa ń wí wà lóòótọ́, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni wọ́n so ó mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó tì wọ́n, mo ra ṣáì, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Mo ní: ẹ jẹ́ kí a gbà pé JAMB gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, wọ́n fi 30 kún ti gbogbo ènìyàn láti Sókótó dé Calabar. Ẹni tí ó wà ní ipò 101 lórí ìwé yunifásítì, ipò wo ni yóò wà lọ́jọ́ kejì? Wọ́n wo ara wọn. Ọmọ tí ó mọ ìṣirò ni ó kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ipò 101 náà ni." Ó tún ronú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó yẹ kí ó jẹ́ pé àwa nìkan ni wọ́n fi kún tiwa." Mai shayi fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi gbígbóná sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nítorí ẹ̀rín, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá tán.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà tí a mọ̀ ni pé 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ni ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 ni ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí yunifásítì náà ká, 20 ni ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ kò tíì gbòòrò tó níbẹ̀. Kwara àti Kogi wà nínú ti ìkẹyìn yìí. Ọ̀yọ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó. Nítorí náà ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bí sí Wusasa ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí wọ́n gba máàkì kan náà, orí ìlà kan náà kọ́ ni wọ́n wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ń wí yìí, ọdún Kérésì nìkan ni ó fi mọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyẹn tó ọ̀rọ̀ ìwé wa mìíràn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ti ní kí n má fi ọ̀rọ̀ mi gba àyè àwọn tí ń sọmọ lórúkọ.

Mo rò pé mo ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má retí àfikún mọ́, ohun tí ọmọ bá gbà ni ó gbà. Ṣé ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ? Èsì WAEC dé ní ọjọ́ 4. Wọ́n ní àwọn tí ó yege nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò jẹ́ 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí WAEC fi ti ojú ibi tí a ti ń wo èsì pa, wọ́n ní àṣìṣe wà nínú Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé. Wọ́n ti da ìbéèrè rú bí ti JAMB, nọ́ńbà tí wọ́n fi ka ìdáhùn kò sì bá ìwé mu. Nígbà tí wọ́n tún un kà, 62.96 ni. Láti 38 bọ́ sí 62 láàárín ọjọ́ mẹ́rin! Gẹ̀ẹ́sì àbúrò ìyàwó mi tí ó jẹ́ D7 di C5. Ó gbé fóònù wá sí iwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á lójú rẹ̀. Lábẹ́ dóńgóyárò, ẹnìkan ṣoṣo ni ó ní ẹnu láti sọ ọ́, ọmọ Ìgbò yẹn: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ni ẹ ní kí a má retí."

Kí ni n bá wí? Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo bi àbúrò ìyàwó mi nígbà tí a délé: Gẹ̀ẹ́sì WAEC yìí, nígbà tí ó jáde nínú gbọ̀ngàn, kí ni ó mọ̀? Ó ní òun mọ̀ pé òun ṣe é. Ó ní nígbà tí òun rí D7, òun mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Mo ní, 168 ńkọ́? Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Tèmi ni, Bọ̀ọ̀dá."

Kò wọ Samaru ní ọdún náà. Ọjọ́ tí yunifásítì tí ó yàn fi gba orúkọ fún àyẹ̀wò tiwọn ti kọjá kí a tó jí, bẹ́ẹ̀ ni a kò ronú àtiyí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà sí èyí tí 168 lè gbé. Ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà kò pè é ní Ẹnjiníà mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni ó ń pè é. Èmi ni mo pe màmá náà, mo dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù, mo sì sọ ipa tí mo kó níbẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ọkọ ọmọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́." Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Nísinsìnyí, ní alaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ó máa ń jókòó sí ìdí tábìlì, èmi a sì mú aago dání. Ìbéèrè 180 fún ìṣẹ́jú 120, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ohun tí ó wà nínú Físíìsì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kọ́ òṣìṣẹ́ relùwéè bí a ti ń ṣọ́ aago. Bí 40 bá ti pé, mo kan tábìlì, ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó dé ìbéèrè 97 kí àkókò tó tán. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń kọ ìwé yìí, ó dé 158. Méjì nínú àwọn ará abẹ́ dóńgóyárò ti ń wá báyìí, ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lórí epo fìtílà.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé ìbéèrè Físíìsì tàbí Kẹ́mísírì àtijọ́ nílé, kí ó jọ̀wọ́ fi rán ọmọ sí mi, tàbí kí ó gbé e wá sí ìpàdé. Bí eku bá ti jẹ eèpo rẹ̀, kò burú, a óò gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ Àgége ti gba lẹ́tà ìgbàwọlé, ó ní kí n kí gbogbo yín. A kí àwọn ìyá ìkókó tí orúkọ ọmọ wọn wà ní ojú ewé kejì, a sì ń retí ẹ̀wà àti àkàrà wa.